Oògùn Tí A Dà Sínú Kòtò Ẹja

Ọ̀rọ̀ ẹja ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ẹja odò. Ẹja tí a ń fi ọwọ́ ara wa sìn nínú kòtò ni.

Àwọn ará etí odò Wẹ̀mẹ̀ ti ń gbẹ́ kòtò ẹja láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn. Odò a kún, ẹja a wọlé. Odò a fà, ẹja a há síbẹ̀. Wọn kì í fún un ní oúnjẹ, wọn kì í fún un ní oògùn. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní agbègbè Àjàṣẹ́ ni ó ń ra ọmọ ẹja, tí ó ń fún un ní oúnjẹ títí yóò fi tó tà. Àrọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń sìn, àwọn mìíràn ń sin ẹ̀pìyà. Owó wà nínú iṣẹ́ náà. Ìnáwó sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹja bá pọ̀ nínú kòtò kékeré, àìsàn kì í pẹ́ wọ àárín wọn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkùnrin kan dé ẹ̀bá kòtò rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó rí ẹja 3 tí ó léfòó. Ikùn wọn wú, egbò pupa wà lára wọn. Ní ọjọ́ kejì, ó bá 7. Àyà rẹ̀ já. Ó sáré lọ sí ọjà, ó ra hóró oògùn aláwọ̀ méjì, pupa òun ìyeyè, lórí àtẹ. Ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sínú omi. Ó ní, "Ohun tí ó wo ọmọ mi sàn yóò wo ẹja mi sàn."

A kò lè bá a wí, nítorí owó rẹ̀ ni ó wà nínú omi yẹn. Ṣùgbọ́n kí ni oògùn náà ń ṣe níbẹ̀? Ibo ni ó ń gbà wọ inú ẹja? Kí ni ó ń ṣe nígbà tí ó bá wọlé, ibo ni ó sì ń bá jáde? Ìwọ̀nyí ni a fẹ́ kà pọ̀.

Orúkọ oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò fún ẹja gùn díẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sára páálí: oxytétracycline. Ẹ jẹ́ kí a pín in sí wẹ́wẹ́ kí ó lè rọrùn: ọk-si-tẹ-tra-si-klin. Ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá ti lè ka èyí, kò sí páálí oògùn tí yóò tún dẹ́rù bà yín. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, tẹ́tírà ni a ó máa pè é. Ẹbí kan náà ni òun àti hóró aláwọ̀ méjì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí àwọn ènìyàn ń gbé mì. Bí ìṣe wọn ṣe rí nínú ara kò yàtọ̀ púpọ̀.

Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹbí oògùn yìí. Ní ọdún 1948, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde àkọ́kọ́ nínú wọn, tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ tí wọ́n bù ní ìpínlẹ̀ Missouri. Ní ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Pfizer kéde tẹ́tírà. Wọ́n pe orúkọ ọjà rẹ̀ ní Terramycin, nítorí pé "terra" ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe ilẹ̀. Ẹ̀dá tín-ín-tín kan tí ń gbé inú erùpẹ̀ ni ó ń ṣe é láti fi lé àwọn ẹ̀dá mìíràn jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ mọ òórùn dídùn tí ilẹ̀ máa ń ní nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀? Lára irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni òórùn náà ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò kan wà tí ojú wa kò lè rí. Wọ́n pọ̀ gan-an nínú ẹ̀kán omi kòtò kan. Púpọ̀ nínú wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń tún omi ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀ tí ń ṣọ́ ẹja. Nígbà tí ẹja bá le, wọn kò lè rí i gbé ṣe. Nígbà tí omi bá bàjẹ́, tàbí tí ẹja bá farapa, tàbí tí àyè bá há jù, wọ́n á wọ inú ara rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń fa egbò pupa àti ikùn wíwú tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Nínú kòkòrò àìrí kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà bí ilé alágbẹ̀dẹ. Níbẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń rọ gbogbo ohun tí ó fi ń dàgbà, tí ó sì fi ń bí sí i. Tẹ́tírà á wọlé, á jókòó gan-an sí ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbé irin lé. Ẹni tí ó gbé irin wá kò rí ibi gbé e lé mọ́. Iṣẹ́ dúró. Kòkòrò náà kò dàgbà mọ́, kò bímọ mọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí a sọ yìí dáadáa: tẹ́tírà kò pa kòkòrò náà lójú ẹsẹ̀. Ó dá a dúró ni. Ara ẹja fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ parí ogun náà. Bí ara ẹja bá ti rẹ̀ jù, tí omi rẹ̀ sì bàjẹ́, kò ní agbára láti parí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí oògùn bá tán, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ ní ilé alágbẹ̀dẹ yẹn.

Báwo ni oògùn náà ṣe ń dé inú ẹja? Inú oúnjẹ ni wọ́n máa ń po ó mọ́. Ẹja á jẹ ẹ́, á dé inú ìfun, ara ìfun á sì fa díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ó ti kéré tó. Àwọn onímọ̀ wọn èyí nínú ẹja kan tí wọ́n ń sìn púpọ̀ ní ìlú òyìnbó àti ní Ṣáínà, carpe ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá pín oògùn tí ó jẹ sí ọ̀nà 100, èyí tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pé ọ̀nà 1. Nínú ẹja mìíràn tí ń gbé omi tútù, truite, ó tó nǹkan bí ọ̀nà 6. Gbogbo ìyókù bá ìgbẹ́ ẹja jáde, ó padà sínú omi àti sínú ẹrẹ̀.

Kí ni ó fà á? Ohun kan wà nínú ẹfun, nínú egungun, nínú ìkarahun ìgbín àti nínú wàrà, tí àwọn dókítà ń pè ní calcium. Tẹ́tírà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á dì mọ́ ara wọn, ìfun kò sì ní lè fa wọ́n mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń kìlọ̀ pé kí a má fi wàrà gbé tẹtirasíkílìn mì. Oúnjẹ ẹja sì rèé, egungun ẹja lílọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Omi kòtò rèé, ọ̀pọ̀ wa ti da ẹfun sí i kí a tó kó ẹja sí i. Calcium wà ní ọ̀tún, ó wà ní òsì.

Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó da oògùn sínú omi lásán. Ẹ mú gègé yín, kí a jọ ṣírò. Kòtò tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 10, tí ó sì jìn ní mítà 1, lítà 100,000 ni omi inú rẹ̀. Bídọ̀n tí a fi ń pọn omi ń gba lítà 20. Nítorí náà, bídọ̀n 5,000 ni omi kòtò náà. Bí ọkùnrin wa bá da hóró oògùn 10 sí i, hóró 1 ni ó bọ́ sínú bídọ̀n 500. Ta ni nínú yín ni yóò po hóró oògùn 1 mọ́ bídọ̀n omi 500, tí yóò bu ife kan mu nínú rẹ̀, tí yóò sì retí pé ara òun yóò yá? Oòrùn pẹ̀lú á tún ba díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Oògùn yẹn kò tó láti wo ẹja kan ṣoṣo sàn. Ṣùgbọ́n ó tó láti ṣe iṣẹ́ búburú kan tí a ó sọ láìpẹ́.

Èyí tí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja, ibo ni ó ń lọ? Ó ń lọ sínú ẹran ara rẹ̀, sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú kíndìnrín. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti tì í jáde, ara wọn ni ó sì máa ń pọ̀ sí. Nítorí pé ó fẹ́ràn calcium, ó tún ń dì mọ́ egungun àti ìpẹ́. Níbẹ̀, kì í tètè kúrò. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ń lò ó bí àmì. Wọ́n á fi tẹ́tírà sínú ara àwọn ọmọ ẹja, wọ́n á dá wọn padà sínú odò. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, wọ́n á mú ẹja, wọ́n á tan iná àrà-ọ̀tọ̀ kan sí egungun kékeré inú orí rẹ̀. Bí ó bá tàn yòò ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n á mọ̀ pé ẹja àwọn ni.

Bákan náà ni ó ń ṣe ní ara ènìyàn. Bí aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 bá ń lo oògùn yìí, ó lè wọ inú eyín tí ń hù, kí eyín náà ní àwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ilẹ̀ títí ayé. Ẹyin ìyá, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ooru omi tún ní iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ara ènìyàn ní ooru tirẹ̀, ì báà ṣe ọyẹ́ tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Ti ẹja kò rí bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara ẹja ṣe gbóná tó. Nígbà tí omi bá tutù, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ á falẹ̀, oògùn á sì pẹ́ nínú ara rẹ̀. Nígbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń tètè jáde. Omi tiwa kì í tutù bíi ti ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, òru lè mú kí omi kòtò tutù gan-an. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé iye ọjọ́ kan náà ni oògùn fi ń jáde ní gbogbo ìgbà.

Ṣé oògùn náà kì í pa ẹja lára? Ó lè pa á lára. Nínú ìfun ẹja, bí ó ti wà nínú ìfun tiwa, àwọn kòkòrò rere kan wà tí ń bá a da oúnjẹ rẹ̀, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò búburú ráyè jókòó. Tẹ́tírà kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó ń dá gbogbo wọn dúró. Nígbà tí ó bá lọ tán, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ padà ni yóò gba ilé, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ padà ní gbogbo ìgbà.

Èkejì ni pé ara ẹja ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí ó ṣe àyẹ̀wò carpe rí i pé ẹja tí ó gba tẹ́tírà kò lè kó ọmọ ogun jọ bí èyí tí kò gbà á. Ẹ rántí ohun tí a sọ ṣáájú: oògùn á dá ọ̀tá dúró, ara ẹja ni yóò parí ogun. Bí oògùn kan náà bá tún ń dín agbára àwọn ọmọ ogun kù, a rí i pé kì í ṣe ohun tí à ń fún ẹja lójoojúmọ́ kí ó "lè lágbára". Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ni wọ́n ń sọ sínú omi.

Ẹ̀kẹta ṣòro díẹ̀ láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú. Nínú ara ẹja àti nínú ara tiwa, àwọn ohun tín-ín-tín kan wà bí ààrò. Nínú wọn ni ara ti ń sun oúnjẹ di agbára. Ààrò wọ̀nyí ní ilé alágbẹ̀dẹ kékeré tiwọn, ó sì jọ ti kòkòrò àìrí. Nítorí náà tẹ́tírà lè ṣì wọ́n mú, kí ó sì dí iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Bí oògùn bá mọ níwọ̀n, tí ọjọ́ rẹ̀ sì kéré, ara kì í mọ̀ ọ́n púpọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù tàbí tí ó bá pẹ́ jù, ẹ̀dọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sin ẹja kì í ronú sí. Ẹja tí àìsàn ti wọ̀ lára kì í jẹun mọ́. Ta ni ó wá ń jẹ oúnjẹ olóògùn? Ẹja tí ara rẹ̀ le ni. Nítorí èyí, ẹni tí yóò bá lo oògùn gbọ́dọ̀ tètè rí àìsàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹja ṣì ń sáré wá sí oúnjẹ. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ti kọ oúnjẹ, ọ̀nà ẹnu ti dí nìyẹn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ikú ẹja ni ọwọ́ kòkòrò wà. Tẹ́tírà kò lè ṣe ohunkóhun fún aràn. Kò lè ṣe ohunkóhun fún ohun funfun tí ń hù bí òwú lára ẹja. Èyí tí ó tilẹ̀ pọ̀ jù ni àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi. Omi tí ó ní àwọ̀ ewé ń mú afẹ́fẹ́ jáde lójú oòrùn, ṣùgbọ́n lóru ó ń gba afẹ́fẹ́ náà padà. Nígbà tí àkùkọ bá ń kọ, afẹ́fẹ́ inú omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀pìyà á gòkè wá, á máa ya ẹnu lójú omi. Àrọ̀ kò tètè kú báyìí, nítorí ó lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ wa. Bí ẹ bá rí ẹ̀pìyà tí ń ya ẹnu ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ó sì dákẹ́ nígbà tí oòrùn bá ga, ebi afẹ́fẹ́ ni. Ẹ bomi tuntun sí i. Ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹ má lọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn.

Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù àti ìgbẹ́ ẹja tún ń di oró nínú omi. Oró yìí ń jó ohun pupa tí ó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, èyí tí ó fi ń mí. Àwọn kòkòrò rere inú omi ni wọ́n ń yí oró náà padà di ohun tí kò léwu. Bí a bá da oògùn púpọ̀ sínú omi, ó lè dá àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí náà dúró. Ẹja tí kòkòrò kò pa, oró omi á wá pa á.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ iṣẹ́ búburú tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin àgbàlagbà á rántí Nivaquine. Nígbà kan, òun ni a ń gbé mì tí ibà fi ń lọ. Kòkòrò ibà kọ́ bí yóò ṣe yẹra fún un, kò sì ràn án mọ́, ni wọ́n fi yí oògùn ibà padà. Kòkòrò ibà kì í ṣe irú àwọn kòkòrò tí à ń sọ yìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wọn jọra. Nígbà tí oògùn díẹ̀ bá dé bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò, àwọn tí kò lágbára á dúró. Ọ̀kan á wà láàárín wọn tí ó ní ohun kan bí ẹ̀rọ omi, tí ó fi ń da tẹ́tírà síta bí ó ti ń wọlé. Òun nìkan á máa bímọ. Láìpẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọn ó kún inú kòtò. Hóró 10 nínú bídọ̀n 5,000 kò wo ẹja sàn, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni ó jẹ́ fún irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í sì í fi ọgbọ́n náà pa mọ́. Kòkòrò àìrí kan lè fún èkejì ní irúgbìn ọgbọ́n yìí, bí alábàágbé ṣe ń fún alábàágbé ní irúgbìn àgbàdo. Èyí tí ń pa ẹja lè fún èyí tí ń pa ènìyàn. Omi kòtò ń ṣàn lọ sínú odò, a sì ń pọn omi odò.

Ṣé ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani ni? Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tansaníà. Ní ọdún 1977, àrùn onígbáméjì wọ ilẹ̀ náà. Tẹtirasíkílìn ni oògùn tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn, wọ́n sì tún pín in káàkiri fún àwọn tí àrùn kò tíì mú, kí ó má baà mú wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí kòkòrò onígbáméjì kan tí oògùn náà kò ràn. Lẹ́yìn oṣù 5, nínú kòkòrò 100 tí wọ́n bá yẹ̀ wò, 76 ni oògùn náà kò ràn mọ́. Oṣù 5 péré. Onígbáméjì kò sì jìnnà sí àwa náà ní etí ọ̀sà Nokoué. Doxycycline tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ lónìí, àbúrò tẹ́tírà ni.

Ẹni tí ó kọ́ ilé adìẹ sí orí kòtò ẹja, ọ̀rọ̀ kàn ọ́. Ìgbẹ́ adìẹ ń mú omi sanra, ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń da tẹ́tírà sínú omi adìẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹja yín ti ń gba oògùn tí ẹ kò mọ̀ nìyẹn. Nígbà tí adìẹ bá ń gba oògùn, ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ wọn já sínú kòtò.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo oògùn yìí fún ẹja ti ṣe òfin sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi oúnjẹ fún ẹja ní oògùn náà fún ọjọ́ 10, lẹ́yìn náà àrọ̀ tiwọn gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 21 kí wọ́n tó lè pa á fún jíjẹ. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìlànà oúnjẹ fún gbogbo ayé sọ pé èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ẹran ẹja kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 1 lọ nínú kílò ẹja 5,000. Ẹ má sọ pé iná yóò jó o kúrò. Sísè àti yíyan ń dín in kù, ṣùgbọ́n wọn kì í mú gbogbo rẹ̀ tán, pàápàá èyí tí ó wà nínú egungun.

Oògùn kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fún ẹja rárá. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ dáadáa: chloramphénicol. Nínú ara àwọn ènìyàn díẹ̀, ó lè mú kí ìmùdùnmúdùn egungun dẹ́kun ṣíṣe ẹ̀jẹ̀, irú wọn sì sábà máa ń kú. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bí ó ti gbọ́dọ̀ kéré tó nínú oúnjẹ kí ó tó di aláìléwu. Nítorí náà, ilẹ̀ Yúróòpù fòfin dè é fún gbogbo ẹran jíjẹ ní ọdún 1994. Bí ẹ bá rí orúkọ yìí lára páálí tí wọ́n gbé fún yín fún ẹja, ẹ dá a padà.

Ọ̀nà mìíràn wà yàtọ̀ sí oògùn. Ní Nọ́wè, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja nínú òkun, wọ́n lo nǹkan bíi tọ́nù 48 irú oògùn wọ̀nyí ní ọdún 1987. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹja ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń fi àyè sílẹ̀ láàárín oko ẹja kan àti èkejì. Lónìí, ẹja tí wọ́n ń sìn pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀, síbẹ̀ oògùn tí wọ́n ń lò lọ́dún kò pé tọ́nù 1. Àwa kò ní abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún kòtò wa. Ṣùgbọ́n omi mímọ́ àti àyè tí ó tó, ọwọ́ wa lè tẹ ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá rí òkú ẹja, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí omi. Kí ẹnikẹ́ni má jù ú sínú odò, kí ẹnikẹ́ni má sì yan án tà. Ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀, èyí tí ó dọ̀tí, ṣàn jáde sínú oko, kí ẹ sì fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ ka ẹja yín: bóyá ẹ kó wọn sí i jù. Ẹ sá àwọ̀n sínú oòrùn kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé e lọ sí kòtò mìíràn. Bí ikú kò bá dáwọ́ dúró, ẹ mú ẹja tí ó ń ṣàìsàn, tí kò tíì kú, lọ fi han dókítà ẹran ọ̀sìn. Òun ni yóò sọ bóyá kòkòrò ni, bóyá tẹ́tírà ràn án, ìwọ̀n tí ẹ ó fún un àti iye ọjọ́ tí ẹ ó fi dúró. Bí ó bá ní ọjọ́ 10, ẹ má fi í mọ sí ọjọ́ 4 nítorí pé ikú ti dáwọ́ dúró.

Ẹ ra ìwé kékeré kan fún kòtò yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, èyí kò ní ṣòro. Báyìí ni ẹ lè kọ ọ́:

Kòtò kejì. Àrọ̀ 300.
Oògùn: oxytétracycline, nínú oúnjẹ.
Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀: 23 oṣù kẹta.
Ọjọ́ tí a parí: 1 oṣù kẹrin.
Dókítà ní kí a dúró ọjọ́ 21.
A kò gbọ́dọ̀ tà kí ó tó di: 22 oṣù kẹrin.

Kí ẹ fi ìwé náà han ìyàwó àti àwọn ọmọ nínú ilé, nítorí oníbàárà lè dé ní ọjọ́ tí bàálé kò sí nílé.